Alágbàfọ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Mọ Látìnì Kà

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2019, yunifásítì lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé àwọn onímọ̀ èdè. Oníròyìn ni mí, mo lọ wò ó fúnra mi. Ó ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ti fi báírò ya irùngbọ̀n sí àmì yunifásítì tó wà lókè rẹ̀. Ohun tí ìwé náà sọ kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú èdè Látìnì àti lítíréṣọ̀ rẹ̀ ń kógbá sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí alábòójútó rẹ̀ bá fọwọ́ sí pé ó yege nínú ewì kíkà kí oṣù Kẹfà tó parí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ẹni tí kò bá yege, ẹ̀ka Ìtàn ni wọn yóò gbé e lọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ bí ẹni tí kò kàwé rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ló kù tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀kan jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù. Ìkejì jẹ́ alágbàfọ̀, òun sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Obìnrin ni. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, ó ga, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ẹ̀yìn tí kò sì fẹ́ dá wọn lóhùn. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tó wà láàárín ilé ìtẹ̀wé àti ilé oníṣègùn eyín. Ẹ̀gbọ́n ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ń fọ̀, àbúrò ń lọ aṣọ. Àwọn oníbàárà ń pe àbúrò ní Ìyá Látìnì, wọn kò sì fi orúkọ yẹn pọ́n ọn lé.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi ń kọ́ èdè tí ẹnikẹ́ni kò fi ra omi mu mọ́. Ó ní ó bẹ̀rẹ̀ nítorí pé kíláàsì Látìnì nìkan ló bá àkókò rẹ̀ mu nígbà tó ń kàwé oyè àkọ́kọ́. Nígbà tí mo tún bi í lọ́jọ́ mìíràn, ó ní ó fẹ́ràn pé àwọn tó ni èdè náà ti kú, wọn kò lè wá rojọ́ pé aṣọ àwọn rùn. Nígbà tí mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ó yẹ kó ní ìdí ni? Ṣé wọ́n ń bi àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù?" Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbogbo wọn.

Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹ̀ka Ìtàn ló ti gba oyè àkọ́kọ́, ó sì kórìíra rẹ̀. "Mo ti sá kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ló wí fún mi. "Bí wọ́n bá dá mi padà, mi ò ní ṣe é. Màá kó ìwé mi, màá lọ aṣọ títí màá fi kú." Ó ti kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ tán. Ó dá lórí bí àwọn akéwì Látìnì ṣe ń fi ìró ọ̀rọ̀ gbé ìjì orí òkun kalẹ̀. Ìjì wọ̀nyẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka Ìtàn. Ohun kan ṣoṣo ló sì dí i lọ́nà: alábòójútó rẹ̀ ní kò mọ ewì Látìnì kà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí kíkà yìí jẹ́, nítorí èmi náà rò pé ẹni tó bá ti mọ álífábẹ́ẹ̀tì lè kà á. Bí a ṣe ń gbé ohùn sókè tí a ń gbé e sílẹ̀ nínú èdè tiwa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yẹn ń fa ègé ọ̀rọ̀ kan gùn tí wọ́n ń gé òmíràn kúrú. Ewì wọn kò ní nǹkan mìíràn tó gbé e ró ju gígùn àti kúkúrú yẹn lọ. Bí o bá fa èyí tó yẹ kí o gé, ewì ti dàrú nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ alábòójútó wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kó tó kọ́kọ́ ka gbogbo ewì náà sókè. Bí kíkà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Padà sí ìbẹ̀rẹ̀." Kò ní sọ ibi tí àṣìṣe wà. Ó gbà pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ̀. Báyìí ni olùkọ́ tirẹ̀ ṣe kọ́ òun náà, ó sì ti fi àáké kọ́rí pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe parí.

Ìyá Látìnì ti ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé ni. Kò tíì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi yọjú láti ẹ̀yìn, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó tún ní kí o padà?"

"Ó ní kí n padà."

"Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn á ti gbó o. Tó bá jẹ́ aṣọ ni, à bá ti sọ fún ẹni tó ni ín pé kò gba àfọ̀ mìíràn mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo wá sọ? Ọkọ̀ inú ewì yẹn ti fẹ́ rì láti ọdún tó kọjá. Ẹ jẹ́ kó rì, kí gbogbo wa sinmi."

Àbúrò tan áyọ́ọ̀nù. Oníbàárà kan wọlé pẹ̀lú ìwé ilé ìwòsàn lọ́wọ́, ó nà án sí i lórí káńtà. "Ìyá Látìnì, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ní Látìnì ni àwọn dókítà fi ń kọ ọ́."

Ó wò ó. "Kì í ṣe Látìnì. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ ló kọ ọ́. Ẹ gbé e padà fún un kó tún un kọ."

"Ṣé ẹ kò lè gbìyànjú ni?"

"Ṣòkòtò yín ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyẹn ni mo lè gbìyànjú."

Ọkùnrin náà gba ṣòkòtò rẹ̀, ó ń kùn lọ. Ìyá Látìnì tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewì tí wọ́n fún un láti mọ̀ ọ́n kà, èyí tí ìjì ti gbá ọkọ̀ kan lójú òkun. Ó mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ti áyọ́ọ̀nù, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń lu etí pákó ìlọṣọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gùn tó ń kúrú. Mi ò gbọ́ Látìnì. Síbẹ̀ mo mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ dé, mo sì mọ ìgbà tí òpó ọkọ̀ dá. Ẹ̀gbọ́n náà mọ̀ ọ́n, nítorí ó pariwo láti ẹ̀yìn, "Òpó ti dá. Wá gbé omi gbígbóná fún mi."

Ohun tó dùn ún jù ni pé akọ̀wé kóòtù ti yege.

Akọ̀wé yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Ẹnì kan ló tàn án pé bó bá gbọ́ Látìnì, yóò tètè gòkè níbi iṣẹ́, kò sì tíì rí ẹni náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Kò bínú sí i. Ọmọkùnrin tó tutù ni. Ó máa ń bẹ Ìyá Látìnì kó bá òun wo ìtumọ̀, òun náà sì máa ń bá a gbé ìwé tó wúwo. Mo jókòó pẹ̀lú wọn ní kíláàsì kan nínú oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí mo kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó sì gbà mí láàyè.

Yàrá náà wà lókè pátápátá. Tábìlì gígùn kan, àga tí kò bára mu, fèrèsé kan tí kò ṣeé pa dé tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sí ìdí tábìlì lọ́wọ́ fèrèsé. Bàbá arúgbó ni, ó mọ́ tónítóní, bọ́tìnnì rẹ̀ pé dé ọrùn. Mo bi í pé ó ti tó ìgbà wo tó ti ń kọ́ni ní Látìnì. Ó ní láti ilé ẹjọ́ tí wọ́n wó ni wọ́n ti kó àwọn àga náà wá. Mo rò pé ó fẹ́ fi hàn mí pé ìbéèrè mi kò mọ́gbọ́n dání. Irú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ wà, mo ti bá wọn pàdé. Mo yí ojú ìwé padà, n kò bi í ní nǹkan mìíràn.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ kà. Ó jókòó bó ṣe wù ú, ó na ẹsẹ̀, ó ń fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ lu tábìlì bó ti ń kà. Lójú mi, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń jẹun lọ tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ orí ba, ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì. Nígbà tí Akọ̀wé parí, bàbá náà ní, "Ó dára. Túmọ̀ rẹ̀."

Ó kan Ìyá Látìnì. Ó dìde dúró. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tó fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ fún ọ̀gá iléèwé. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé báyìí ni ìyá wọn tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ẹni tó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀ kì í ju ọwọ́ kiri bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó ka ewì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò wo ìwé. Afẹ́fẹ́ dé. Òpó dá. Ọkọ̀ yí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ibi tí ọwọ́ obìnrin náà ìbá wà lórí tábìlì. Ó mi orí.

"Padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

"Sà, ibo gan-an ni mo ti ṣì í?"

"Padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Ó tún un kà, ó gbé ohùn sókè sí i.

"Má pariwo mọ́ mi. Padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

"Sà, bóyá ẹ kò gbọ́ mi dáadáa ni."

"Mo gbọ́ ẹ. Ohun tí mo gbọ́ ló ń bí mi nínú."

Akọ̀wé ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó pàdánù nǹkan síbẹ̀.

Ó ṣòro fún mi láti gba ohun tí etí mi sọ gbọ́, nítorí etí mi kò kọ́ Látìnì. Mo ti gba ohùn àwọn méjèèjì sílẹ̀ lórí fóònù, mo sì gbé e lọ fún olùkọ́ Látìnì kan tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin ní òdìkejì ìlú. Mi ò sọ fún un ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó gbọ́ ti Akọ̀wé dé ìdajì, ó ní kí n pa á. "Ẹni yìí ń kà á bí ìgbà tí wọ́n ń pe àwọn ẹlẹ́jọ́," ló wí. Mi ò sọ fún un pé kò jìnnà sí òótọ́. Nígbà tó gbọ́ ti Ìyá Látìnì, ó sún mọ́ fóònù. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Nígbà tó tún gbọ́ ọ, ó bi mí bóyá obìnrin náà lè wá kà á fún òun lójúkojú.

Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo mú lọ. Ìyá Látìnì gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ le.

"Nígbà náà, kí ni bàbá yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Akọ̀wé wà níbẹ̀, ó gbé kóòtù tó máa ń wọ̀ wá fún wọn láti fọ̀. Ó ní, "Bóyá kí ẹ kà á bíi tèmi."

"Bí mo bá kà á bíi tìrẹ, ọkọ̀ náà á rì kí ìjì tó dé."

"Mo kúkú yege."

"Ohun tó ń pa mí lọ nìyẹn."

Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tí kò rò. Ó rò pé bóyá Ọ̀jọ̀gbọ́n kórìíra obìnrin. Akọ̀wé rán an létí pé obìnrin ni àwọn tó yege ṣáájú wọn. Ó rò pé òórùn ọṣẹ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ó kà á kíákíá, ó sún mọ́ bàbá náà, ó jìnnà sí i. Gbogbo rẹ̀ já sí pàbó. Mo bi í bóyá kò ní dára kó lọ fẹjọ́ sun olórí ẹ̀ka. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Olórí ẹ̀ka ò gbọ́ Látìnì. Bàbá yìí nìkan ló kù tó gbọ́ ọ nílé yẹn. Ta ni màá fẹjọ́ rẹ̀ sùn fún, ògiri?"

Oṣù Kẹfà dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, omi kún ilẹ̀, oníbàárà kan sì bú òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí aṣọ àwọ̀lékè funfun kan tí àwọ̀ búlúù ti yí mọ́. Ó dé kíláàsì pẹ̀lú bàtà tútù. Mo wà níbẹ̀. Ó dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó kà á.

"Padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Ìyá Látìnì fa àga, igi àga ké lórí ilẹ̀, ó jókòó láì gbàṣẹ. Ó gbé ọwọ́ òsì lé tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lù ú bí ó ti ń kà, kì í ṣe nítorí ewì, bí kò ṣe pé inú ń bí i. Ó ń kà á bí ẹni tó ń ju aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ kó dára mọ́, ó fẹ́ kó tán ni. Nígbà tó dé ibi tí òpó ọkọ̀ ti máa ń dá, ìka rẹ̀ lù ú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti fò ó, ó ti kọjá sí ìlà tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Báyìí," ló wí. "Báyìí gan-an ni. O ti wá ń gbọ́ ọ báyìí. Mú ìwé rẹ wá ní Ọjọ́bọ̀ kí n fọwọ́ sí i."

Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ayọ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ́ dì mọ́ ọn.

"Ẹ kú oríire, Ìyá Látìnì."

"Mo fo ìlà kan."

"Ìlà wo?"

"Ibi tí òpó ti dá. Mi ò kà á rárá."

"Èmi ò mọ̀."

"Ìwọ ò mọ̀, mo gbà fún ẹ. Òun ńkọ́? Bàbá tó ti ń kọ́ ewì yẹn láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ẹ, òpó dá láìdá, kò mọ̀?"

A dúró síbẹ̀. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka lu irin àtẹ̀gùn, bí ó ti máa ń ṣe nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Látìnì wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Dúró," ló wí. "O máa ń lu tábìlì tí o bá ń kàwé."

"Ìwà mi ni. Ní kóòtù ni mo ti kọ́ ọ, tí adájọ́ bá ń pẹ́ jù."

"Ṣé ewì lo ń lù?"

"Gígùn, kúkúrú, kúkúrú. Tí mi ò bá lù ú, mi ò mọ ibi tí mo wà."

"Ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ ni kò mọ̀ ọ́n," ló wí. Ó wá yíjú sí mi. "Kò gbọ́ wa. Ó ń gbọ́ pé ohùn ń dún, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló ń wò. Èmi wá kó tèmi sẹ́yìn, mo ń bọ̀wọ̀ fún un."

Mo rántí àga tí wọ́n kó wá láti ilé ẹjọ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò gbọ́ ìbéèrè mi ni.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé àbúrò òun fẹ́ lọ tún ewì náà kà ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rín náà tán.

"Kí lo tún ń wá? Ó ní o yege."

"Ìlù tábìlì ló yege. Èmi kọ́."

"Ìwé lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe etí. Gba ìwé, kí o wá lọ aṣọ."

"Mo ti ń kà á fún ọkùnrin yẹn láti ọdún tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n. Òun nìkan ló lè sọ fún mi bóyá mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

"Olùkọ́ tí oníròyìn yìí lọ bá ti sọ pé o mọ̀ ọ́n."

"Ìyẹn kọ́ ló kọ́ mi."

Mo bi í bóyá kò ní sọ fún yunifásítì pé etí bàbá náà ti di. Ó ní òun ti rò ó. Bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò ní kí bàbá máa lọ ilé, ìfọwọ́sí rẹ̀ yóò sì di òfo, ti Akọ̀wé àti ti àwọn tó ṣáájú wọn pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i fún wọn kí oṣù tó parí. Akọ̀wé tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìwé, ká máa lọ. Ẹ má bà á jẹ́." Ó ṣèlérí pé òun kò ní bà á jẹ́. Ó kàn fẹ́ kí bàbá náà gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé ìwé ìfọwọ́sí kalẹ̀ síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó wá sún mọ́ ọn dáadáa, ó ní kó jọ̀ọ́, òun fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá náà gbé ojú sókè, ó rí i pé ó dúró bí ẹni tó fẹ́ kàwé, ó sì fi ọwọ́ sọ fún un pé kó máa kà á lọ. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ti gbọ́ ewì náà lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí èèyàn gbọ́ nǹkan lọ, mi ò tíì gbọ́ ọ bí ti àárọ̀ yẹn rí. Kò fo nǹkan kan. Nígbà tí òpó dá, Akọ̀wé tí kì í mọ nǹkan kan gbé orí sókè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé kálàmù sílẹ̀. Ó wo tábìlì tí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀.

"O ti tún sọ ọ́ nù," ló wí, ó sì dùn ún, èèyàn rí i pé ó dùn ún. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun o ti mú un. Padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Ìyá Látìnì jókòó. Ó gbé ọwọ́ òsì lé tábìlì. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gígùn, kúkúrú, kúkúrú, ó péye bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe Látìnì. Èdè tiwa ni.

"Ṣòkòtò dúdú méjì," ló wí, ìka rẹ̀ ń lù. "Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní àbàwọ́n lọ́rùn. Aṣọ ìkélé ilé oníṣègùn eyín, ẹ má fi omi gbígbóná sí i. Kóòtù Akọ̀wé, kò tíì wá gbà á, ó ti ń rùn. Aṣọ àwọ̀lékè tó di búlúù, Ọlọ́run ló mọ iye tí a máa san fún ẹni tó ni ín."

Akọ̀wé ti gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ìtìjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò wò ó. Ó tẹjú mọ́ ìka obìnrin náà, ètè tirẹ̀ náà ń mì, ó ń ka ewì lọ nínú ara rẹ̀, tẹ̀lé ìka yẹn láti ibi tí afẹ́fẹ́ ti dé títí dé ibi tí ọkọ̀ ti yí. Mo rí i pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, láìfo ìlà kan. Ohùn olùkọ́ rẹ̀ ni bóyá, tàbí ohùn ara rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Mi ò bi í. Kò ní gbọ́ ìbéèrè mi.

Ìka dúró.

"Mo rí ọkọ̀ náà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Ó fa ìwé mọ́ra, ó fọwọ́ sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sí tádàwà rẹ̀ kó lè gbẹ, ó sì tì í sọ́wọ́ Ìyá Látìnì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá fèrèsé tí kì í pa dé jà. Nígbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì lórí àga ẹ̀bá fèrèsé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń nu eruku ara wọn.

Akọ̀wé ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀. Ìyá Látìnì dìde, ó ká ìwé náà, ó kì í bọ báàgì rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì lọ, ó dúró sẹ́yìn bàbá náà. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Bàbá," ló wí, "ṣé mo mọ̀ ọ́n kà?"